Bí Ẹ Ṣe Lè Di Òǹkọ̀wé Tó Ń Parí Iṣẹ́: Ìtọ́sọ́nà Láti Orí Gbólóhùn Àkọ́kọ́ Dé Ọ̀dọ̀ Olóòtú

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ di òǹkọ̀wé ni ọ̀rọ̀ kò wọ́n lẹ́nu wọn. Ìtàn kún inú wọn, wọ́n mọ èdè lò, àwọn ará ilé sì ti ń sọ fún wọn láti kékeré pé wọ́n lẹ́bùn. Àmọ́ bí a bá ní kí wọ́n mú iṣẹ́ kan tó ti parí wá, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Orí kìíní ìwé kan wà nínú àpótí, ìdajì àròkọ wà nínú fóònù, ewì mẹ́ta wà níbì kan tí ìlà ìparí wọn kò tíì dé. Olóòtú kò lè gba ìdajì iṣẹ́, òǹkàwé kò sì lè ka ohun tó ṣì wà lọ́kàn ẹni. Nítorí náà, ohun kan ni gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nísàlẹ̀ yìí ń lépa: kí ẹ máa parí iṣẹ́, kí ẹ sì máa tún un kọ títí yóò fi dára. Èmi gbà pé ìyẹn gan-an ló ya òǹkọ̀wé sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ìwé kíkọ kàn ń wù. Ẹ̀bùn ń ṣèrànwọ́, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ìwà ojoojúmọ́ ló ń gbé ẹ̀bùn débi tí ẹlòmíràn ti lè rí i.

Ẹ yan iṣẹ́ kan, kí ẹ sì mọ ẹni tí ẹ ń kọ ọ́ fún

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tó sọ ohun tí iṣẹ́ náà dá lé. “Ìtàn nípa ìfẹ́ àti ìdílé” kò tó, nítorí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tí à ń wá. “Ọmọbìnrin kan fẹ́ mọ ẹni tó ń san owó ilé ìwé rẹ̀ níkọ̀kọ̀” ti dára jù ú lọ: ènìyàn wà níbẹ̀, ohun tó ń fẹ́ wà níbẹ̀, ìbéèrè tí yóò mú kí òǹkàwé ṣí ojú ewé kejì náà sì wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ àròkọ tàbí ìwé ìmọ̀ lẹ fẹ́ kọ, ẹ kọ ìbéèrè tó wà lẹ́nu òǹkàwé sílẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ yóò ṣe bi í. Ẹ lẹ gbólóhùn yìí mọ́ ibi tí ojú yín yóò ti máa rí i. Ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá fẹ́ ṣìnà, òun lẹ máa padà sí.

Ẹ má sọ pé gbogbo ènìyàn lẹ ń kọ fún. Ẹ mú ẹnì kan tí ẹ mọ̀ dáadáa, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yóò wúlò fún tàbí tí yóò dùn mọ́ nínú, kí ẹ sì máa kọ ọ́ bí ẹni pé òun ló jókòó níwájú yín. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá kí ẹ ṣàlàyé nǹkan kan tàbí kí ẹ má ṣàlàyé rẹ̀, ẹ bi ara yín bóyá ẹni yẹn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì parí nǹkan kan rí, kó má fi ìwé ìtàn àròsọ ńlá bẹ̀rẹ̀. Ìtàn kúkúrú tí kò ju ọ̀rọ̀ 2,000 lọ yóò kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìwé ńlá lè gba ọdún mẹ́ta kó tó kọ́ ènìyàn ní ohun kan náà, ọ̀pọ̀ sì ń sá lójú ọ̀nà.

Ẹ ya àkókò sọ́tọ̀

Òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Anthony Trollope, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì tó gbáyé ní sẹ́ńtúrì 19. Kò dúró dìgbà tó máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó kọ̀wé. Bí aago 5:30 ìdájí bá ti lù, ó ti wà nídìí tábìlì. Yóò kọ̀wé fún wákàtí mẹ́ta kó tó múra ibi iṣẹ́, yóò gbé aago síwájú ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ 250 ló sì ń retí láti ọwọ́ ara rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 kọ̀ọ̀kan. Ìwé ìtàn àròsọ 47 ló fi sílẹ̀. Ní tirẹ̀, Toni Morrison jẹ́ olóòtú ní ilé ìtẹ̀wé ní Amẹ́ríkà, ó sì ń dá tọ́ ọmọkùnrin méjì. Ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1970. Ó sọ pé nítorí àwọn ọmọ náà lòun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n tó jí pe ìyá wọn. Ní 1993, ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Kì í ṣe ìdájí ni ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Àwọn méjèèjì wá ìgbà tí kò sí ẹni tó ń pè wọ́n, wọ́n sì dì í mú. Tiyín lè jẹ́ alẹ́, ó lè jẹ́ àkókò ìsinmi ọ̀sán níbi iṣẹ́. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ bí ẹ ṣe ń lo wákàtí kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, láìpurọ́ fún ara yín. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà bá parí, ẹ ó rí ibì kan tí nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti ń ṣòfò, ẹ ó sì rí àkókò tí ọpọlọ yín máa ń já fáfá jù. Bí méjèèjì bá pàdé, ibẹ̀ ni kí ẹ fi ìwé kíkọ sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ti ń ṣe lójoojúmọ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ má sọ pé “màá kọ̀wé lónìí bí àyè bá yọ.” Ẹ sọ pé “bí mo bá ti fọ eyín tán, màá jókòó sídìí tábìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.” Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London wo bí àṣà tuntun ṣe ń mọ́ ènìyàn lára. Àwọn 96 tó kópa so nǹkan tuntun kan mọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn lójoojúmọ́. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010, nǹkan bí ọjọ́ 66 ni ìpíndọ́gba àkókò tí nǹkan náà fi ń di bárakú, ṣùgbọ́n ó yàtọ̀ láti orí ọjọ́ 18 títí dé 254. Wọ́n tún rí i pé bí ènìyàn bá pa ọjọ́ kan ṣoṣo jẹ, kò ba iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn jẹ́. Ẹ di kókó kejì yẹn mú. Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ni pé wọ́n á pa ọjọ́ kan jẹ, wọ́n á wá bínú sí ara wọn débi tí wọ́n á fi pa oṣù kan jẹ.

Mélòó ni kí ẹ máa kọ lójúmọ́? Kí ó kéré débi pé ẹ lè ṣe é ní ọjọ́ tí ara yín kò yá, ní ọjọ́ tí iná kò sí, ní ọjọ́ tí àlejò dé. Mo máa ń dámọ̀ràn ọ̀rọ̀ 200. Ẹ má fojú kéré rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ 200 ní ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, tí ẹ sì ṣe é fún ọ̀sẹ̀ 50, ọ̀rọ̀ 50,000 nìyẹn. Bí ojú ewé kan bá gba ọ̀rọ̀ 250, ìwé olójú ewé 200 ti wà lọ́wọ́ yín láàárín ọdún kan. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà. Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ń tú jáde, ẹ kọ 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹ má torí rẹ̀ sọ pé ẹ ti ṣe ti ọ̀la mọ́ ọn. Ọ̀la ní 200 tirẹ̀.

Kí fóònù wà ní yàrá mìíràn. Kì í ṣe kí ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì, yàrá mìíràn gan-an ni mo wí. Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń kọ̀wé, ẹ pa dátà rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti jókòó

Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ ló máa ń le jù lọ. Ọ̀nà kan wà láti mú un rọrùn, alẹ́ àná lẹ sì ti máa ṣe é. Nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan tó jáde ní 1958, Ernest Hemingway, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, sọ pé òun máa ń dáwọ́ dúró níbi tí òun ṣì ti mọ ohun tó kàn. Ẹ dán an wò: ẹ má kọ títí inú yín yóò fi ṣófo. Bí àkókò bá fẹ́ tó, ẹ dúró láàárín ìṣẹ̀lẹ̀, kí ẹ sì kọ ìlà kan sí ìsàlẹ̀ nípa ohun tó ń bọ̀: “ó ṣí lẹ́tà náà, ó rí i pé orúkọ àbúrò òun ló wà níbẹ̀.” Lọ́jọ́ kejì, ẹ ò ní máa wo ojú ìwé òfìfo, gbólóhùn yẹn ni yóò kí yín káàárọ̀.

Ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn nìkan ni kí ẹ kà kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá padà sí ojú ewé àkọ́kọ́ láràárọ̀ yóò ní ojú ewé àkọ́kọ́ tó ń dán bíi dígí, kò sì ní ní ojú ewé ogún láéláé. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kíkọ àti títúnṣe. Ẹni tó ń kọ nílò ìgboyà, ẹni tó ń tún un ṣe nílò ojú tó le, bí àwọn méjèèjì bá sì jókòó pọ̀ sórí àga kan, wọn yóò máa bá ara wọn jà. Ẹ jẹ́ kí àkọ́kọ́ kọ, ìyẹn ẹ̀dà tí ẹ kọ́kọ́ kọ, burú bó ṣe fẹ́. Kò sí ẹni tó máa rí i.

Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ kò mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ kan, ẹ má dúró lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wákàtí kan ti lọ nìyẹn. Ẹ kọ àmì kan síbẹ̀, bíi WÁ A, ní lẹ́tà ńlá: “Ọkọ̀ ojú irin náà gbéra ní aago WÁ A, ojú ọjọ́ sì ti ṣú.” Nígbà tí àkọ́kọ́ kọ bá parí, ẹ ó wá gbogbo àmì náà kàn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó sì jókòó ṣe ìwádìí wọn pa pọ̀. Ẹ ó tún rí i pé ìdajì wọn kò wúlò mọ́, nítorí ẹ ti yọ ibi tí wọ́n wà.

Bí ọ̀rọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde

Àwọn ènìyàn máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àìsàn kan ṣoṣo ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní orísun mẹ́ta tí mo mọ̀, oògùn wọn sì yàtọ̀ síra.

Àkọ́kọ́ ni pé ẹ kò mọ ohun tó kàn nínú ìtàn. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé rárá, ọ̀rọ̀ ìrònú ni. Ẹ kúrò nídìí tábìlì, kí ẹ rìn. Ìwádìí tí Marily Oppezzo àti Daniel Schwartz ṣe ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2014, fi hàn pé èrò tuntun ń wá sọ́kàn ènìyàn nígbà tó bá ń rìn ju ìgbà tó jókòó lọ, kódà bó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ nínú ilé ló ti ń rìn ín. Ẹ mú ìbéèrè kan dání bí ẹ ṣe ń lọ: “kí ni ọkùnrin yìí ń bẹ̀rù jù lọ báyìí?” Bí ẹ bá dé, ẹ kọ ìdáhùn mẹ́wàá. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni gbogbo ènìyàn yóò ronú kàn, ẹ tẹ̀ síwájú títí ẹ ó fi dé èyí tó ya ẹ̀yin fúnra yín lẹ́nu.

Orísun kejì ni pé ẹ kò tíì mọ̀ tó nípa ohun tí ẹ ń kọ. Ẹ fẹ́ kọ̀wé nípa nọ́ọ̀sì, ẹ kò sì mọ ohun tí nọ́ọ̀sì ń ṣe láàárín aago méjì sí aago mẹ́rin òru. Kò sí ìjókòó tó lè yanjú ìyẹn. Ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀. Ẹ bi í ní ohun kéékèèké: kí ló máa ń wà lápò aṣọ rẹ̀, ta ló ń bínú sí jù, ìró wo ló ń jí i bó bá tòògbé? Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí òǹkàwé gbà yín gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìbẹ̀rù. Ẹ mọ ohun tó kàn, ẹ mọ̀ ọ́n tó, àmọ́ ọwọ́ kò gbéra, nítorí ẹ ti ń gbọ́ ohùn ẹni tó máa kà á tó máa fi rẹ́rìn-ín. Fún èyí, ẹ dín ohun tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ ara yín kù. Ẹ gbé aago sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ tó sún mọ́ ọn jù: “Wò ó, ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ ni pé…” Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó bá tẹ̀ lé “ni pé” yẹn ni gbólóhùn tí ẹ ti ń wá.

Ẹ kàwé bí oníṣẹ́

Àwọn àgbà ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ń ka irú ìwé kan ṣoṣo, ọ̀nà kan ṣoṣo ni yóò mọ̀ láti sọ ọ̀rọ̀. Ẹ ka irú ìwé tí ẹ fẹ́ kọ, kí ẹ tún ka èyí tí kò jọ ọ́ rárá: ewì bí ẹ bá jẹ́ akọ̀ròyìn, ìwé sáyẹ́ǹsì bí ẹ bá jẹ́ akéwì.

Ìdárayá kan wà tó dára ju ọ̀pọ̀ kíláàsì lọ. Nígbà tí Benjamin Franklin, òǹkọ̀wé àti olóṣèlú ará Amẹ́ríkà, wà ní ọ̀dọ́mọdé, tó ń kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Boston, ó mú àwọn àròkọ tó dùn mọ́ ọn nínú ìwé àtìgbàdégbà The Spectator. Ó ṣàkọsílẹ̀ kúkúrú nípa èrò inú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó gbé e sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó wá gbìyànjú láti tún àròkọ náà kọ láti inú àkọsílẹ̀ yẹn láìwo ìwé. Lẹ́yìn náà ló fi tirẹ̀ wé ti ìwé, ó rí ibi tó kù sí, ó sì tún un ṣe. Nígbà mìíràn, yóò da àwọn àkọsílẹ̀ náà rú, yóò wá tò wọ́n padà, kó lè kọ́ bí a ṣe ń to èrò. Ẹ fi ojú ewé kan ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ibi tí tiyín bá ti yàtọ̀ sí ti ẹni tó mọ̀wé kọ, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn wà. Iṣẹ́ àdáwò lásán ni o, ẹ má gbé e jáde bíi tiyín.

Kí ìwé kékeré kan àti bírò máa wà lápò yín pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá gbọ́ nínú ọkọ̀, bí àgbàlagbà kan ṣe dáhùn ìbéèrè tí kò fẹ́ dáhùn, orúkọ tó dùn létí, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀ kó tó fò lọ. Lópin oṣù, ẹ kà á látòkè délẹ̀.

Àtúnkọ, níbi tí iṣẹ́ gan-an wà

Bí àkọ́kọ́ kọ bá parí, ẹ yọ̀, kí ẹ sì gbé e pamọ́. Stephen King, òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ará Amẹ́ríkà, ní kí iṣẹ́ wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kéré tán, bó bá jẹ́ ìwé ńlá. Fún àròkọ kúkúrú, ọjọ́ mẹ́ta tó. Ẹ fẹ́ gbàgbé rẹ̀ díẹ̀ ni, kí ẹ lè kà á bí ìwé ẹlòmíràn. Bí ẹ bá lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ẹ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ yí ìrísí lẹ́tà rẹ̀ padà kí ojú yín má baà sáré kọjá ohun tó ti mọ̀.

Kí ẹ má tún gbogbo nǹkan ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Àtúnkọ àkọ́kọ́ wà fún egungun iṣẹ́. Ẹ kà á tán láìmú bírò dání. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìlà kan fún orí kọ̀ọ̀kan tàbí ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan: kí ló yí padà níbí? Orí tí ẹ kò bá rí ìlà kọ fún, ẹ yọ ọ́ tàbí kí ẹ pa á pọ̀ mọ́ òmíràn. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ dáadáa. Lọ́pọ̀ ìgbà, ojú ewé kẹta ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́, ojú ewé méjì tó ṣáájú sì jẹ́ ibi tí òǹkọ̀wé ti ń ṣán ọwọ́ kó tó wọ iṣẹ́. Ẹ gé wọn. Ó máa ń dun ènìyàn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n òǹkàwé kò ní mọ̀ pé wọ́n wà rí.

Èkejì wà fún ìpínrọ̀: ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé èrò kan, ṣé ó tẹ̀ lé èyí tó ṣáájú rẹ̀, ṣé ẹ kò sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ẹ kò gbà pé òǹkàwé gbọ́?

Ẹ̀kẹta ni ti gbólóhùn, ó sì yẹ kí ẹ pẹ́ níbẹ̀. Ẹ wo èyí: “Ó ṣe pàtàkì láti mọ̀ pé obìnrin náà wà nínú ìbànújẹ́ tó pọ̀ gan-an lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ fi ilé sílẹ̀.” Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀, kò sì sí ẹ̀mí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ wá wo èyí: “Láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń gbá yàrá ọmọ náà lójúmọ́, yàrá tí ẹnikẹ́ni kò sùn.” Ọ̀rọ̀ “ìbànújẹ́” kò sí níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ìbànújẹ́ náà ti wá wúwo sí i. Ohun tí mo ṣe ni pé mo yọ “ó ṣe pàtàkì láti mọ̀ pé”, nítorí kò sọ nǹkan kan. Mo yọ “gan-an”. Mo wá fi ohun tí ọwọ́ obìnrin náà ń ṣe rọ́pò orúkọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ wá irú gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn nínú iṣẹ́ yín. Kì í ṣe gbogbo wọn lẹ máa yí padà, torí nígbà mìíràn, “inú rẹ̀ bàjẹ́” nìkan ló tọ́, kí ìtàn lè yára lọ síbi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gbóná jù lọ, ẹ jẹ́ kí òǹkàwé fojú rí i.

Òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tó ń lò jù: “ní òtítọ́,” “lójijì,” “púpọ̀.” Ẹ kọ tiyín sílẹ̀, kí ẹ wá wọn nínú fáìlì náà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ohun tó wá ṣe. King sọ pé olóòtú kan kọ̀wé sí òun nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ pé kí àkọ́kọ́ kọ dín ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kó tó di èkejì. Ìwọ̀n tó dára ni láti fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wá kà á sókè, gbogbo rẹ̀, kí etí yín gbọ́ ọ. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀, tí èémí bá ti tán, tí ẹ bá ti fẹ́ fo ìlà kan nítorí pé ó sú yín, ẹ sàmì síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sú ẹni tó kọ ọ́, yóò sú ẹni tó ń kà á. Níkẹyìn, ẹ wo àkọtọ́, àmì ohùn àti àmì ìdánudúró bíi kọ́mà. Ẹ má fi èyí ṣáájú, nítorí ẹ lè tún àmì ohùn ìpínrọ̀ kan tò fún wákàtí kan kí ẹ tó rí i pé ìpínrọ̀ náà kò yẹ níbẹ̀.

Ìgbà wo ni kí ẹ dáwọ́ dúró? Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí ẹ yọ lọ́sẹ̀ tó kọjá bá tún jẹ́ òun lẹ ń dá padà. Hemingway nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò yẹn sọ pé òun kọ ojú ewé tó parí ọ̀kan nínú ìwé òun nígbà 39 kó tó tẹ́ òun lọ́rùn, ṣùgbọ́n ó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì jẹ́ kó lọ.

Ẹ dáàbò bo iṣẹ́ náà

Ní 1919, T. E. Lawrence, ọmọ ogun àti òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, gbàgbé iṣẹ́ ìwé ńlá kan sí ibùdókọ̀ ojú irin ní ìlú Reading, kò rí i mọ́, ó sì ní láti tún un kọ. Ní 1922, wọ́n jí báàgì tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ Hemingway wà nínú rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Paris. Ẹ̀yin kò ní àwáwí lónìí. Kí ẹ̀dà mẹ́ta wà: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù, ọ̀kan níbòmíràn tó dá yàtọ̀, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó kéré tán, ẹ fi iṣẹ́ ọjọ́ náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín kí ẹ tó dìde.

Àwọn tó máa kọ́kọ́ kà á

Ẹni mẹ́ta ti tó. Kí wọ́n jẹ́ ẹni tó ń kàwé, kí wọ́n má jẹ́ ẹni tó ń bẹ̀rù yín, kí ọ̀kan nínú wọn sì jọ ẹni tí ẹ ti ní lọ́kàn pé ẹ ń kọ̀wé fún. Ẹ má bi wọ́n pé “ṣé ó dára?”, nítorí wọn yóò ní ó dára, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé: Ibo lẹ ti gbé e sílẹ̀ lọ ṣe nǹkan mìíràn? Ibo lẹ ti ní láti kà lẹ́ẹ̀mejì? Ta ni nínú wọn ni ẹ kò gbà gbọ́? Kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ dé ìdajì?

Bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má gbèjà ara yín. Ìwé yín kò ní rí yín mú dání lọ sílé òǹkàwé kí ẹ lè máa ṣàlàyé. Bí méjì nínú mẹ́ta bá tọ́ka sí ibì kan náà, nǹkan ń ṣe ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí wọ́n ní kí ẹ fi tún un ṣe kò bá yín lára mu. Wọ́n mọ ibi tó ń dùn wọ́n, ẹ̀yin lẹ máa mọ ìwòsàn rẹ̀.

Ẹ rán an jáde

Olóòtú kọ̀ọ̀kan ní ìlànà tirẹ̀: iye ọ̀rọ̀, irú fáìlì, ìgbà tó ń gba iṣẹ́. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ sì tẹ̀ lé e, nítorí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ̀ láìtíì ka ojú ewé kan nínú rẹ̀. Lẹ́tà tó bá a lọ kò gbọdọ̀ gùn: ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, iye ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí ẹ jẹ́. Ẹ la ìwé sí òpó mẹ́rin, kí ẹ kọ orúkọ iṣẹ́, ibi tí ẹ rán an sí, ọjọ́ tí ẹ rán an àti èsì rẹ̀ síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rán iṣẹ́ kan náà sí ibi méjì, ẹ rí i pé àwọn méjèèjì fàyè gbà á, bí ọ̀kan bá sì gbà á, ẹ sọ fún èkejì lọ́jọ́ náà.

Wọn yóò kọ̀ ọ́. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí gbogbo òǹkọ̀wé, kódà àwọn tí orúkọ wọn ń jà ràn-ìn. Bó bá jẹ́ lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn ni, kò sọ nǹkan kan fún yín nípa iṣẹ́ náà, ẹ rán an síbòmíràn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí olóòtú bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbólóhùn kan nípa iṣẹ́ yín, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì fi iṣẹ́ yín tó kàn ránṣẹ́ sí i. Bí olóòtú mẹ́ta tí kò mọ ara wọn bá sọ ohun kan náà, ẹ mú iṣẹ́ náà padà sídìí tábìlì. Ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ kan bá wà níta, kí òmíràn ti wà lọ́wọ́ yín.

Bí wọ́n bá gbà á, ẹ fara balẹ̀ lórí àdéhùn. Lábẹ́ Àdéhùn Berne ti 1886, àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé sí iṣẹ́ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ jù lọ orílẹ̀-èdè ayé ti fọwọ́ sí, ẹ̀yin lẹ ni iṣẹ́ yín láti ìgbà tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀, láìjẹ́ pé ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kankan. Fún ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́, ẹ̀tọ́ náà ń bẹ títí di ọdún 50 lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé, ó kéré tán. Nítorí náà, ilé ìtẹ̀wé ń gba àṣẹ lọ́wọ́ yín ni. Ẹ wo àṣẹ tí wọ́n ń gbà: èdè wo, orílẹ̀-èdè wo, ìwé títẹ̀ nìkan ni àbí ti orí ẹ̀rọ àti fíìmù pẹ̀lú, fún ọdún mélòó? Ẹ wo ìdá tó kàn yín nínú owó ìwé kọ̀ọ̀kan àti ìgbà tí wọ́n máa ń ṣírò rẹ̀. Ẹ wá ibi tó sọ pé ẹ̀tọ́ yóò padà sọ́wọ́ yín bí wọ́n bá dáwọ́ títẹ ìwé náà dúró. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi í síbẹ̀.

Ilé ìtẹ̀wé tó bá ní kí ẹ̀yin san owó kí òun tó tẹ ìwé yín jáde, iṣẹ́ ló ń tà fún yín, kì í ṣe pé ó yan ìwé yín. Kò burú kí ènìyàn tẹ ìwé ara rẹ̀ jáde, àmọ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ ń ṣe nìyẹn. Ẹ fúnra yín wá olóòtú, ẹni tó máa ya èèpo ẹ̀yìn ìwé àti ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sanwó fún oníkálukú, kí gbogbo ẹ̀tọ́ sì wà lọ́wọ́ yín. Bí gbólóhùn kan nínú àdéhùn kò bá yé yín, ẹ fi han agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gba ẹ̀dà tí ẹ̀yin àti ilé ìtẹ̀wé jọ fọwọ́ sí, kí ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ yín.